Ìtura Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ: Èrò Mi Lórí Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku kì í kọ́ ìtẹ́ tí yóò máa fún un mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í kọ́ èyí tí òjò yóò máa bá a wọ̀. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan rí mi lórí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì mi lẹ́nu ọ̀nà Ekosodin, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé mi lórí pé, "Bàbá àgbà! Bàbá oníjòókòó!" Ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà tó fẹ̀ bí àpótí ìdí ààrò, àti ọwọ́ rẹ̀ tó ga, tó sì tẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara mi. Lójú tiwọn, ọ̀dọ́ tó bá gun kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ lé e lórí bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ẹ̀rín yẹn kò dùn mí. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn fi kádìí rẹ̀ ló dùn mí: "Ọ̀lẹ ni jàre, kò fẹ́ jìyà ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fèsì sí. Èrò tèmi ni pé ìtura kì í ṣe ọ̀lẹ. Kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó bá ara ẹni mu, kì í ṣe ara ẹni ló yẹ kó máa fara da kẹ̀kẹ́. Ẹni tí yóò bá sì náwó láti tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe, kó náwó náà sórí ara rẹ̀ kó tó ronú kan eré sísá.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀rọ̀ ìrìnnà ṣe rí nílùú Benin yìí. Ìlú yìí gan-an ni orúkọ "ọ̀kadà" ti ṣẹ̀ wá. Olóyè Gabriel Igbinedion, ọmọ ìlú Okada, ló dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Okada Air sílẹ̀ ní ọdún 1983, Benin níbí sì ni ibùjókòó rẹ̀. Àwọn èèyàn wá fi orúkọ ọkọ̀ òfúrufú ṣe àpárá fún alùpùpù tó ń fò láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, orúkọ náà sì mọ́ alùpùpù lórí. Ọkọ̀ òfúrufú ti kógbá sílé tipẹ́, orúkọ kò kógbá sílé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2013, ìjọba Gómìnà Adams Oshiomhole fòfin de ọ̀kadà akérò nínú ìlú Benin. Ìlú tó fún ọ̀kadà lórúkọ ló tún lé e kúrò lójú títì. Ó wá ku kẹ̀kẹ́ Márúwá, bọ́ọ̀sì àti ẹsẹ̀ ẹni. Nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò lọ sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000. Gbogbo wa la mọ orí ẹni tí ẹrù náà já lé.

Ohun tó gbé mi dé ìdí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì nìyẹn. Fún ẹni tí kò bá tíì sún mọ́ ọ̀kan rí, kẹ̀kẹ́ ológeere tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ náà ni, àfi pé wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n sì so bátìrì mọ́ irin rẹ̀. Bí o bá ń wà á, ẹ̀rọ náà ń bá ọ wà á. Bí òkè bá dé, kò ní jẹ́ kí o gùn ún ní ìwọ nìkan. Volt 36 ni bátìrì tèmi, bí ó bá sì kún, wáàtì 360 ni ó lè fún ni fún odidi wákàtí kan. Ẹ jẹ́ ká fi áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ ṣírò rẹ̀: èyí tó ń jẹ wáàtì 1,000 yóò jẹ iye iná yẹn tán ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 22. Ìtumọ̀ èyí ni pé iná tí ẹ fi ń lọ aṣọ ìsìn lálẹ́ Sátidé lè gbé mi láti Ugbowo dé Ring Road, kó gbé mi padà, kó sì tún ṣẹ́kù.

Ẹ má rò pé adùn ni mo kọ́kọ́ bá pàdé o. Tòkunbọ̀ ni mo rà, bí ó sì ṣe ti òkun dé ni mo ṣe gùn ún. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ojú mi rí màbo. Bí mo bá dé kíláàsì, ìka ọwọ́ mi á ti kú débi pé n kò ní lè di bírò mú dáadáa. Ọrùn á máa dùn mí, ìdí á máa ta mí, gbogbo kòtò tó wà láàárín ilé mi sí ẹnu géètì ni mo mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú egungun ẹ̀yìn mi. Mo ti ń wá ẹni tí n ó tà á fún kí n tó rántí bàbá kan.

Kánò ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, níbi tí àgbà ọkùnrin ti ń gun kẹ̀kẹ́ láìsí ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó fi fóòmù àti awọ ewúrẹ́ di ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí ó fi rí bí ìrọ̀rí ọba. Mo bi í léèrè nígbà èwe mi pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe é báyìí ni?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí ló dé? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìdí mi ni mo fi ń jókòó dé ibi iṣẹ́, kì í ṣe ìdí ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́." Ẹ̀rín ni mo fi gbà á nígbà náà. Ní Benin níbí ni mo tó gbọ́ ohun tí bàbá ń sọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi ti lọ sílẹ̀ jù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kó ga tó, ẹ jókòó lé e, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹsẹ̀ yín bá nà tán, tí ìdí yín kò sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti tọ́ nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá wá ń fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ wà á bó ṣe yẹ, orúnkún yín á tẹ̀ díẹ̀. Ìjókòó tó bá lọ sílẹ̀ jù ló ń pa orúnkún lára, tí àwọn èèyàn á sì máa sọ pé kẹ̀kẹ́ ni kò dára.

Ohun kejì ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Èyí tó bá a ti òkun bọ̀ lọ sílẹ̀, ó sì jìnnà, ó ń fi ìwúwo ara mi lé ọwọ́ mi. Mo lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Uwelu, mo kiri títí mo fi rí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan tó ga, tó sì tẹ̀ sẹ́yìn. Wáyà bíréèkì ti kúrú fún un, mo ra èyí tó gùn. Ajórin kan ní kí n má wulẹ̀ ra òmíràn, òun á gé èyí tí mo ní, òun á sì jó irin mọ́ ọn kó lè ga. Mo kọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tí a lè jó wà, ohun tí a kò gbọdọ̀ jó sì wà. Ibi ìgbẹ́rù ẹ̀yìn, ẹ jó o. Irin tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ẹ má jó o láéláé, torí ọjọ́ tó bá kán lórí eré, kò ní kán tìrẹ nìkan sí.

Ìjókòó ló ṣìkẹta, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣe àṣìṣe. Nígbà tí èèyàn bá jókòó gangan, ìwúwo tó wà lọ́wọ́ á sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí, ìjókòó tínrín kò sì lè gbé e mọ́. Mo wá kó fóòmù ìpele mẹ́ta lé orí ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ó dùn. Ọjọ́ kẹrin, fóòmù ti rì, egungun ìdí mi méjèèjì ti bá irin pàdé nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fóòmù sì ń ha mí nítan. Mo kọ́gbọ́n pé rírọ̀ nìkan kọ́ ni ìtura. Ohun tí egungun méjì yẹn ń wá ni ibi tó fẹ̀ tó láti gbé wọn, tó sì le díẹ̀, tí sípíríǹgì wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá àgbà nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin ni táyà. Mo pààrọ̀ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí èyí tó sanra, n kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí yóò fi le bí òkúta mọ́. Iye afẹ́fẹ́ tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù sábà máa ń wà lára táyà níbi tí a ti lè kà á. Ẹ dúró sáàárín méjèèjì. Bí ó bá kéré jù, kòtò á gé tiúbù mọ́ irin, nítorí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì wúwo ju kẹ̀kẹ́ lásán lọ. Táyà yìí nìkan ló lé ìdajì ìrora mi lọ.

Ọ̀rọ̀ táyà sì mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní wíwá ìtura jẹ́ ìwà ọ̀lẹ. Ní ọdún 1887, oníṣègùn ẹran kan tó ń gbé ní Belfast, John Boyd Dunlop, rí bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n rìrì lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Rọ́bà tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ìgbà náà. Dunlop fi rọ́bà ṣe ihò, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó sì dè é mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Kò wá eré sísá, ìtura ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1889, nígbà tí Willie Hume gbé kẹ̀kẹ́ tó ní irú táyà yìí wá sí ìdíje nílé ẹ̀kọ́ gíga Queen's College ní Belfast kan náà, òun ló borí. Lónìí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ wo ló wà láyé tí kì í lo afẹ́fẹ́? Ohun tí bàbá kan ṣe kí ara lè tu ọmọ rẹ̀ ló gbé gbogbo ayé rìn.

Ẹ tún wo àwọn ọlọ́kadà wa. Ta ló sọ wọ́n ní ọ̀lẹ rí? Síbẹ̀, àwọn ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ìjókòó tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe fún ẹni tó ń jókòó lé e láti òwúrọ̀ di alẹ́. Wọ́n fi fóòmù kún un, wọ́n rán awọ bò ó, wọ́n jó irin síwájú kó lè dáàbò bo ojúgun, wọ́n so agbòòrùn ńlá mọ́ ọn nítorí oòrùn àti òjò. Òṣìṣẹ́ tó mọ iye wákàtí tí yóò fi ṣiṣẹ́ ló ń tún ibùjókòó rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń gùn ún fún ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń fi ìyà ṣe fújà.

Ẹ má sì gbàgbé pé n kò jókòó tẹtẹrẹ lórí rẹ̀. Mo ṣì ń wà á. Nígbà tí n kò tíì tún un ṣe, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mo lè gùn ún. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ni. Èwo ló jẹ́ ọ̀lẹ nínú méjèèjì?

Mo wá fẹ́ bá àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ wọn ṣe lọ́nà kejì sọ̀rọ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó mú bátìrì volt 48 so mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 36, kó lè máa bá ọkọ̀ sáré. Bíréèkì àtijọ́ náà ló ṣì ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka fisíìsì, ẹ ràn mí lọ́wọ́: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa kò di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìparapọ̀ Yúróòpù, òfin ní ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kà sí kẹ̀kẹ́ lásán kò gbọdọ̀ ju wáàtì 250 lọ, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró bí eré bá ti dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Wọn kò bínú ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ̀ pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ àti bíréèkì kékeré ní ibi tí agbára wọn mọ ni. Bí ó bá jẹ́ lójú títì Benin sí Èkó tó gba ẹnu géètì wa kọjá, níbi tí tírélà ti ń sáré, ta ni yóò gba ẹni tí bíréèkì rẹ̀ bá já sílẹ̀?

Ti iná tún wà níbẹ̀. Bátìrì lithium dára, àwọn mẹ́ta tó fi iṣẹ́ ìwádìí ṣe é dé ojú àmì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lò ó ní ìlòkulò, tí wọ́n fi ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i, tàbí tí ọmọ ọ̀nà tú u palẹ̀ tó sì tún un dì, ó lè gbiná lójijì, iná rẹ̀ kì í sì í tètè kú. Ní ìlú New York, ní ọdún 2023 nìkan, iná tó ṣẹ́ yọ lára irú bátìrì yìí pa èèyàn 18. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nítorí náà, bí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá bá ń fi iná sí bátìrì lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ ní, lóru, nígbà tí gbogbo yín ń sùn, ẹ bá a wí. Ojúmọmọ ni kó máa fi iná sí i, lójú ara rẹ̀, níbi tí kò sí aṣọ àti ìbùsùn, pẹ̀lú ṣájà tó bá a wá. Bí òjò bá pa á, kó jẹ́ kó gbẹ kó tó fọwọ́ kan ṣájà. Ẹ̀yin náà sì mọ òjò Benin.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù sí ìparí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ba orúnkún rẹ̀ kan jẹ́. Kò lè tẹ̀ ẹ́ tán mọ́. Láti ibi tó ń gbé ní Ekosodin dé kíláàsì rẹ̀, ìrìn tó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún wa jẹ́ ogójì fún un, bí ó bá sì débẹ̀, ìrora kì í jẹ́ kó gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Nígbà tó yá, kò wá sí kíláàsì òwúrọ̀ mọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ mi wò, kò lè wà á, torí orúnkún náà kò tẹ̀ tó nígbà tí pẹ́dà bá dé òkè. A gbé ìjókòó sókè sí i. A wá irin tó di pẹ́dà mú tó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹsẹ̀ má baà máa gòkè jù. A gbìyànjú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lórí pápá. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ká má dá òun dúró.

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gun kẹ̀kẹ́ mi ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, èmi a sì fẹsẹ̀ rìn. Ṣé ọ̀lẹ ni òun náà? Ohun tí àwọn kan ń pè ní gbẹ̀fẹ́ ló dá a padà sí kíláàsì. Iye ìka mélòó ni a fi gbé ìjókòó yẹn sókè? Kò ju mẹ́rin lọ.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Owó tí ẹgbẹ́ wa ń ná lórí àsè ìparí ọdún kò kéré. Mo dábàá pé kí á yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí á fi ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì méjì tí a óò máa yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ara wọn kò gba ìrìn gígùn, kí á sì tún wọn ṣe kó bá ẹni tí yóò gùn wọ́n mu. Mo tún dábàá pé kí àwọn aṣojú wa bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ nípa ibi ìgbékẹ̀kẹ́ kan tó ní òrùlé àti iná, tí ẹ̀ṣọ́ lè máa wò, kí bátìrì lè jáde kúrò nínú yàrá ìsùn. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí là ń béèrè. Ní Kútọ́nu àti Lómé nítòsí wa níbí, láti ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní Spiro lónìí ti ń pèsè alùpùpù oníbátìrì fún àwọn akérò, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ bátìrì tó ti tán sí èyí tó kún ní ibùdó tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Bí ọlọ́kadà ìlú wọ̀nyẹn bá lè ní ibùdó, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ní òrùlé kan?

Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ hó lé mi lórí, n kò bá yín jà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń ni ni lára. Bí ẹ bá tún rí mi, ẹ pè mí ní Bàbá àgbà, mo ti ṣetán láti jẹ́ ẹ. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀ ni ẹ rí kẹ̀kẹ́ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà fún un lọ́nà. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ní kíláàsì aago mẹ́jọ.